Ẹ̀yìn Ìwé Gbèsè

Ìwé gbèsè ilé búrẹ́dì wa ní ojú méjì. Bí ẹ bá ṣí i láti iwájú, orúkọ àwọn tó jẹ wá lówó lẹ máa bá: Ìyá Ẹlẹ́wà, búrẹ́dì mẹ́fà, ọ̀gbẹ́ni tó ń lẹ táyà létí títì, mẹ́ta, ọmọ LAUTECH tó ń lo awò ojú, méjì, "ó ní ó di ọjọ́ Ẹtì". Bí ẹ bá dojú ìwé náà délẹ̀, tí ẹ ṣí i láti ẹ̀yìn, orúkọ lẹ máa tún bá, àmọ́ kò sí iye owó níwájú ẹnikẹ́ni. Ohun tó wà níbẹ̀ ni O Positive, A Positive, B Negative, ọjọ́ tí onítọ̀hún fẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ kẹ́yìn, àti ọ̀nà tí èèyàn ń gbà dé ilé rẹ̀ lóru.

Bàbá mi ló ni ìwé náà. Èyí tó wà nílẹ̀ báyìí ni ìkẹsàn-án. Mẹ́jọ tó ṣáájú wà nínú páálí kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ìyẹ̀fun sì ti wọ inú wọn débi pé bí mo bá ṣí èyíkéyìí, màá kọ́kọ́ sín ná. Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mo kọ́ ní Pólì, mo sì ṣe é n'Íbàdàn fún ọdún mọ́kànlá kí n tó padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ ní 2019, nígbà tí orúnkún Bàbá ní òun ò lè dìde òru mọ́. Mo gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká wálé, mo ní láàárín oṣù mẹ́ta màá ti tún ìṣirò ilé búrẹ́dì ṣe. Kọ̀ǹpútà náà wà níbẹ̀. Ìwé la ṣì ń lò.

Ẹni tó ń jẹ búrẹ́dì láàárọ̀ kì í sábà rò ó pé òru ni wọ́n fi ṣe é. Nǹkan bí agogo mẹ́jọ alẹ́ la ti ń da ìyẹ̀fun, ṣúgà, iyọ̀, bọ́tà àti yíìsì pọ̀. Lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá ti pò ó, a ó gbé e sórí mílà, irin roboto méjì tó máa ń tẹ̀ ẹ́ títí ara rẹ̀ á fi máa dán. A ó gé e, a ó wọ̀n ọ́n, a ó ká a, a ó tò ó sínú páànù tí a ti fi òróró pa. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di ká jókòó. Ìyẹ̀fun ní láti wú, kò sì sí ẹni tó lè bá a sáré.

Bó ṣe ń wú ni igi ń jó nínú ààrò. Ààrò àtijọ́ ni tiwa, bíríkì àti amọ̀. Inú rẹ̀ gan-an ni igi ti ń jó. A ó wá wọ́ ẹ̀yinná jáde, a ó fi àpò tútù nu ilẹ̀ rẹ̀. Bàbá ò gba ohunkóhun tí wọ́n fi ń wọn ooru gbọ́. Ìka méjì ni wọ́n fi ń bu ìyẹ̀fun bíńtín, wọ́n á fọ́n ọn sílẹ̀ ààrò. Bó bá dúdú lójú ẹsẹ̀, ooru ti pọ̀ jù, ká tún fi àpò nù ún. Bó bá rọra pọ́n bí ẹ̀pà yíyan, wọ́n á ní, "Ẹ máa gbé e bọ̀." Nígbà yẹn, agogo á ti lu méjì òru.

Mo tẹnu mọ́ agogo méjì òru yìí nítorí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Àwọn èèyàn máa ń bi mí bí Bàbá ṣe di ẹni tí wọ́n ń sá tọ̀ bí aláìsàn bá nílò ẹ̀jẹ̀. Wọ́n máa ń retí kí n sọ ìran tí Bàbá rí tàbí àlá tí wọ́n lá nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ìdáhùn Bàbá fúnra wọn kò gùn: àwọn kì í sùn. Ní Ìsàlẹ̀-Àfọ́n tiwa, ní àkókò yẹn, iná ilé búrẹ́dì nìkan ló máa ń tàn. Ẹni tí wàhálà bá ká mọ́ òru, ibi tó bá ti ríná ló máa sá lọ.

Ní 1986, ọdún kejì tí ilé búrẹ́dì bẹ̀rẹ̀, ọkùnrin kan já wọlé lóru láìwọ bàtà. Ìyàwó rẹ̀ ti bímọ, ẹ̀jẹ̀ kọ̀, kò dá. Wọ́n ti ní kó lọ wá ẹni tó máa fún un lẹ́jẹ̀. Ó ní òun ti kan ilẹ̀kùn ilé mẹ́rin, ajá ló dá òun lóhùn. Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni Bàbá nígbà náà, wọn ò tíì fẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ rí láyé wọn. Wọ́n sọ fún ọmọ iṣẹ́ pé kó máa wo ààrò, wọ́n sì tẹ̀ lé ọkùnrin náà pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́, funfun báláú láti orí dé ẹsẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó ṣílẹ̀kùn pariwo "Jésù!", ó sì ti ilẹ̀kùn padà mọ́ wọn lójú.

Nígbà tí wọ́n jàjà wọlé, nọ́ọ̀sì gún wọn lórí ìka, ó kán ẹ̀jẹ̀ sínú omi kan tó búlúù bí aró tí wọ́n ti fi omi là. Bí Bàbá bá ń sọ ibí yìí, wọ́n máa ń fi ọwọ́ ṣe é: ẹ̀kán pupa yẹn dúró díẹ̀ lójú omi bí ẹni ń rò ó, ó wá rì wọ̀ọ̀ lọ sísàlẹ̀. Bó bá léfòó, ẹ̀jẹ̀ onítọ̀hún ò ki tó láti fún ẹlòmíràn. Tiwọn rì. Inú wọn ṣì ń dùn sí i títí di òní bí ẹni tó yege ìdánwò.

Wọ́n fà á, wọ́n rìn padà sílé ní nǹkan bí agogo márùn-ún. Ọmọ iṣẹ́ ti sùn lọ. Àpò ìyẹ̀fun kan àti ààbọ̀ ti di èédú. Oyún àbúrò mi wà nínú Màmá, àwọn ìyá tó ń gba búrẹ́dì lọ tà sì ti tò síwájú ilé pẹ̀lú igbá òfìfo. Màmá ò pariwo. Ohun tí wọ́n sọ ni pé, "Ẹ fún ìyàwó ẹlòmíràn lẹ́jẹ̀, ẹ fún tiyín lómi ojú." Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni wọn ò fi bá Bàbá sọ̀rọ̀ àyàfi nípa ọjà. Mi ò lè bá Màmá wí. Títí tí mo fi parí ìwé mẹ́wàá, mo mọ ọdún méjì tí wọ́n lé mi kúrò ní kíláàsì torí owó ilé ìwé, mo sì mọ̀ pé epo alùpùpù tó ń gbé àwọn ẹlẹ́jẹ̀ káàkiri ìlú ò ṣàìjẹ nínú owó náà.

Obìnrin ìgbà yẹn yè. Ọkọ rẹ̀ gbé adìyẹ kan wá dúpẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ọkùnrin yìí tó ti ń ra búrẹ́dì lọ́dọ̀ wa tẹ́lẹ̀ kò wá mọ́. Ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ló ń rà. Mo gbọ́njú bá a bí ó ṣe máa ń sọdá títì bó bá rí Bàbá lọ́ọ̀ọ́kán. Mo gbà á sí àìmoore, mo sì sọ bẹ́ẹ̀. Bàbá ní, "Bí o bá jẹ èèyàn ní gbèsè tí o ò lè san láéláé, ṣé ojú rẹ̀ ni wàá máa fẹ́ rí láràárọ̀ kí o tó jẹun?" Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ṣòfin fún ara wọn pé àwọn ò ní kọ orúkọ ẹni tó gbẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Nínú ìwé mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, kò sí ẹyọ kan. Ẹni tó fún èèyàn nìkan ló wà níbẹ̀. Ẹni tó gbà, kó máa lọ, kó ra búrẹ́dì níbi tó bá wù ú.

Ògbómọ̀ṣọ́ kì í ṣe ìlú tí ọsibítù wọ́n sí. Láti 1907 ni àwọn Onítẹ̀bọmi ti dá tiwọn sílẹ̀, òun ló di ọsibítù ìkọ́ni Yunifásítì Bowen lónìí. LAUTECH náà ní tirẹ̀. Àmọ́ ibi tí ọsibítù bá pọ̀ sí ni wọ́n ń gbé aláìsàn gbogbo agbègbè wá, bẹ́ẹ̀ sì ni títì àtijọ́ tó ti Ọ̀yọ́ wá, níbi tí tírélà àti bọ́ọ̀sì ti ń pàdé lójú kan, kò jẹ́ kí yàrá àwọn tó fara pa ṣófo. Àpò ẹ̀jẹ̀ kan, nǹkan bíi mílílítà 450, kì í pẹ́ ju ọjọ́ 35 lọ nínú fíríìjì, ìyẹn bí iná bá wà. Bí kò bá sí èyí tó bá ti aláìsàn mu nílẹ̀, ẹbí ni wọ́n máa ní kó lọ wá èèyàn wá. Bàbá máa ń sọ pé fíríìjì tó dára jù láti fi ẹ̀jẹ̀ pamọ́ sí ni ara èèyàn tó mọ̀ pé wọ́n lè wá jí òun.

Ó gbọ́dọ̀ ti mọ̀ ná. Ohun tí ìwé ẹ̀yìn wà fún nìyẹn. Kó tó di pé GSM wọ Nàìjíríà ní 2001, alùpùpù àti àpèjúwe ilé ni Bàbá fi ń ṣe é. Mo ka àwọn àpèjúwe náà bí ẹni ń ka ewì. "Òkè-Adó, ẹ̀yìn alágbẹ̀dẹ, wíńdò kejì, má kan ilẹ̀kùn, bàbá rẹ̀ ò gbọdọ̀ jí." "Àlùfáà, má pè é nínú Ààwẹ̀ àfi lẹ́yìn ìṣínu." "Ó ń mutí, ọjọ́ Ajé nìkan." "Ìyàwó rẹ̀ ò gbọdọ̀ gbọ́." Ẹnì kan wà tí wọ́n kọ síwájú orúkọ rẹ̀ pé, "Yóò kọ́kọ́ kọ̀. Dúró." Mo bi wọ́n pé kí nìyẹn túmọ̀ sí. Wọ́n ní ọkùnrin náà máa ń sọ pé òun ò lọ, á ti wíńdò, tí o bá sì dúró tó bí ìṣẹ́jú márùn-ún, á jáde wá pẹ̀lú fìlà lórí.

Ìbẹ̀rù ló le jù. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé bí ẹ̀jẹ̀ òun bá kúrò lójú òun, kò sẹ́ni tó mọ ibi tó máa já sí, ẹ sì mọ irú sinimá tí à ń wò nílẹ̀ yìí. Bàbá kì í bá wọn jiyàn. Wọ́n máa ń mú onítọ̀hún dání lọ wo ẹlòmíràn tó ń fẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, bí nọ́ọ̀sì bá sì gbà, wọ́n á jẹ́ kó fọwọ́ gbé àpò ẹ̀jẹ̀ náà. Ó gbóná. Ohun tó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu nìyẹn. Bàbá ní ó wúwo lọ́wọ́, ó sì gbóná, bíi búrẹ́dì pọ́n-ùn kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní páànù. Lóòótọ́ ni, mo ti wọn bùrẹ́dì náà, ó kù díẹ̀ kó bá a dọ́gba.

Lọ́dún 1999, káfíńtà kan jẹ wá ní búrẹ́dì 14. Ó ń ka iye rẹ̀ fúnra rẹ̀, kò purọ́, iṣẹ́ ni kò sí. Níwájú mi ló ṣe wá bá Bàbá, ó káwọ́ sókè, ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí wọ́n fa páìnì kan lára mi, kí ẹ pa orúkọ mi rẹ́ níwájú." Èmi tí mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún nígbà náà rò pé ó bọ́gbọ́n mu. Gbèsè á tán, ẹ̀jẹ̀ á wọlé. Bàbá pa ìwé dé. Wọ́n ní, "Bí mo bá fi ẹ̀jẹ̀ rẹ dí búrẹ́dì 14 lónìí, lọ́la wàá ní kí n fi dí 20. Lọ wá owó mi. Bí o bá san án tán, tí ó ṣì wù ọ́, ẹ̀yìn ìwé ń dúró dè ọ́."

Inú bí ọkùnrin náà gidigidi. Oṣù mẹ́rin ló fi san án, díẹ̀díẹ̀, nígbà míì ó máa sọ owó sórí tábìlì láìkíni. Bó ṣe san tìkẹyìn tán ló jókòó, ó ní, "Ó yá, ẹ wá kọ mí síbẹ̀." Ó fẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ nígbà mọ́kànlá kó tó kó lọ sí Abùjá.

Mo ti kà á lẹ́yìn ìgbà náà pé ohun tí Bàbá fi ọgbọ́n orí ṣe ni àwọn oníṣègùn àgbáyé fọwọ́ sí. Ẹni tó bá ń ta ẹ̀jẹ̀ kò ní fẹ́ sọ àìsàn tó ń ṣe é, kò sì ní fẹ́ dúró fún oṣù mẹ́ta kó tó tún fún èèyàn. Ẹni tó fi ṣe ọ̀fẹ́ kò ní ohun tó máa fi pa mọ́. Wọ́n ṣì máa ń yẹ ẹ̀jẹ̀ gbogbo wọn wò, HIV, àrùn ẹ̀dọ̀ B àti C, àti àrùn ìbálòpọ̀ tí wọ́n ń pè ní sífílíìsì. Owó àyẹ̀wò yìí àti owó àpò ni ọsibítù máa ń gbà lọ́wọ́ ẹbí aláìsàn, Bàbá ò sì rí i bí ẹ̀ṣẹ̀. Èyí tó dùn wọ́n ni ti ọsibítù aládàáni kan, tí mi ò ní dárúkọ, tó gba ẹ̀jẹ̀ ọ̀fẹ́ lára àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta tí Bàbá kó lọ, tó sì tà á fún ẹbí náà níye tó ju ìlọ́po márùn-ún owó àyẹ̀wò lọ. Ọjà Jagun ni wọ́n ti gbọ́ ọ, lẹ́nu ìyá aláìsàn gan-an, tó ń dá owó ẹ̀jẹ̀ jọ lọ́wọ́ àwọn aláta ẹgbẹ́ rẹ̀. Bàbá ò jà. Wọ́n lọ jókòó sí ibi tí wọ́n ti ń sanwó lọ́sibítù náà láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, wọ́n gbé búrẹ́dì kan lé ẹsẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá bi wọ́n ní ohun tí wọ́n ń dúró dè, wọ́n á ní, "Mo fẹ́ mọ iye tí wọ́n ń ta ẹ̀jẹ̀ mi." Ìyá yẹn gba owó rẹ̀ padà kí ilẹ̀ tó ṣú.

Àwọn nǹkan míì wà tí wọ́n ṣe nílùú. Wọ́n jẹ́ akápò nígbà tí àdúgbò dá owó ra tiransifọ́mà, wọ́n gbẹ́ gọ́tà, wọ́n sì wà nínú àwọn tó ń ṣọ́ òru. Mi ò ní fi ìyẹn gba yín lákòókò, kò sí àdúgbò tí kò ní irú rẹ̀. Ẹgbẹ́ kan tiẹ̀ gbé káàdì wá pé àwọn fẹ́ fún Bàbá ní àmì-ẹ̀yẹ "òpómúléró ìlú", àmọ́ kí wọ́n ra tábìlì kan níbi àṣeyẹ náà. Bàbá béèrè iye tábìlì. Wọ́n ṣírò rẹ̀ lọ́kàn. "Àpò ìyẹ̀fun mẹ́rin! Kí n fi ra ìyìn ara mi? Èmi ni mo ń yin ara mi nìyẹn, kí ni mo wá fẹ́ kí ẹ bá mi ṣe?"

Ṣé ẹ rí i, ìlú wa fẹ́ràn ẹni tó bá lọ tó sì bọ̀. Láyé àtijọ́, ibi gbogbo lọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ń ṣòwò dé, Jọ́ọ̀sì, Kánò, ilẹ̀ Nìjẹ̀r, Abíjàn, Gáánà. Ẹni tó ti òkèèrè dé pẹ̀lú mọ́tò ni ìlù ń lù fún. Ẹni tí kò lọ síbì kan, orúkọ tí wọ́n ń pè é ni "ó ń bẹ nílé". Kùmásí ni wọ́n ti bí Bàbá fúnra wọn, lọ́dún 1958. Bàbá àgbà ń ta aṣọ àti abọ́ onípáànù níbẹ̀, láwìn, bí gbogbo oníṣòwò Yorùbá ìgbà náà. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá 1969, ìjọba Kofi Busia ní kí gbogbo àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ìdílé wa wọ ọkọ̀ lọ́rì pẹ̀lú ẹrù tó lè wọ̀ ọ́, Bàbá àgbà sì di ìwé gbèsè wọn mọ́ inú ṣòkòtò. Àwọn tó jẹ wọ́n ò sá. Àwọn ni wọ́n lé.

Ìwé yẹn wà lọ́wọ́ Bàbá àgbà títí wọ́n fi kú. Lálaalẹ́, bí wọ́n bá jẹun tán, wọ́n á ṣí i, wọ́n á máa ka orúkọ àwọn ará Kùmásí jáde, ti èdè Twi àti ti Yorùbá pẹ̀lú iye sídì tó wà níwájú olúkúlùkù. Ibi tí Bàbá ti kọ́ ẹ̀kọ́ ìṣirò tiwọn nìyẹn, ó sì yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n kọ́ mi ní Pólì. "Àwìn tí èmi àti ìwọ bá wà nínú ìlú kan náà, owó ni. Bí ọ̀kan nínú wa bá ti ré odò kọjá, bébà ni."

Mo rí i bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ní oṣù Kejì 2023, nígbà tí ìjọba ní ₦200, ₦500 àti ₦1,000 àtijọ́ ò níyì mọ́, tí tuntun ò sì sí. Àwọn oní-POS ń fi owó ta owó. Akẹ́kọ̀ọ́ ń sunkún níwájú báńkì. Bàbá ní kí a máa kọ ọ́ sílẹ̀. Fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, bairo la fi ta búrẹ́dì. Nígbà tí ilé ẹjọ́ gíga jù lọ dá owó àtijọ́ padà lọ́jọ́ 3 oṣù Kẹta, ojú ewé 31 ti kún. Mo tẹ gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, mo fi pupa sí àpapọ̀ rẹ̀, mo gbé e ka Bàbá lójú. Wọ́n wò ó. Wọ́n ní, "Mélòó nínú wọn ló ti kó kúrò nílùú?" Mo wádìí, mẹ́sàn-án ni. "Mẹ́sàn-án yẹn lo pàdánù."

Ó sì rí bẹ́ẹ̀. Kí oṣù Kẹjọ tó parí, gbogbo ìyókù ti san. Ọlọ́kadà kan san tirẹ̀ pẹ̀lú ẹrù igi ìdáná. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé èmi náà jàre níbì kan. Lọ́jọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún yẹn, owó ìrànwọ́ orí epo kásẹ̀ nílẹ̀, lítà bẹntiróòlù kan tí kò tó ₦200 fò kọjá ₦500, náírà ṣubú lóṣù tó tẹ̀ lé e, ohun gbogbo sì tẹ̀ lé wọn. Owó tí àwọn èèyàn rere yìí dá padà ní oṣù Kẹjọ kò lè ra ìyẹ̀fun tí a fi ṣe búrẹ́dì tí wọ́n jẹ ní oṣù Kejì. Àpò kílò 50 tí kò tó ₦15,000 ní ìbẹ̀rẹ̀ 2020 ti lé ní ₦50,000 ní 2024. Mo ṣàlàyé èyí fún Bàbá títí ẹnu fi ro mí. Wọ́n ní àwọn gbọ́. A ò ta àwìn ju ọ̀sẹ̀ kan lọ mọ́, èmi ni mo ṣòfin yẹn, Bàbá sì ń rú u nígbà tí mo bá lọ sọ́jà.

Ojú ẹ̀yìn ló wá ń bà mí lọ́kàn jẹ́. Láti 2021, bairo pupa ti pọ̀ níbẹ̀: "ó ti lọ". Kánádà. Gẹ̀ẹ́sì. Èkó. Kánádà. O Positive la pọ̀ jù nílẹ̀ yìí, a ṣì rí wọn. O Negative, tí wọ́n lè fún ẹnikẹ́ni bí àyè ò bá sí láti ṣàyẹ̀wò, méjì péré ni Bàbá ní nínú gbogbo ìwé náà. Ọ̀kan jẹ́ nọ́ọ̀sì, ó ti wà ní Kánádà. Ó máa ń fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp láti béèrè bóyá Bàbá ti rí ẹni rọ́pò òun. Bàbá á ní kí n sọ fún un pé kó fi tirẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn tó wà níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ò mọ Kánádà.

Ọdún 2023 yẹn náà ni Bàbá fúnra wọn kúrò nínú ìwé. Wọ́n lọ fẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, nọ́ọ̀sì béèrè ọjọ́ orí. Wọ́n ní 64. Nọ́ọ̀sì tó ti mọ̀ wọ́n láti kékeré rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá, 64 lẹ sọ lọ́dún tó kọjá. Ọdún kan náà kì í pé lẹ́ẹ̀mejì." Ẹni tó bá ti pé 65, ó tó kó sinmi. Wọ́n fún wọn ní móòtì, wọ́n ní kí wọ́n máa lọ. Bàbá gbé móòtì yẹn dé ilé láìṣí i, wọ́n jókòó sórí àpò ìyẹ̀fun, wọn ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Kí n lè tù wọ́n nínú, mo kó ìwé mẹ́sẹ̀ẹ̀sán jáde, mo ṣírò rẹ̀. Láti 1986, wọ́n ti fẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ nígbà 61. Ìyẹn lé ní lítà 27, bẹ́ẹ̀ ẹ̀jẹ̀ tó wà lára àgbàlagbà kan kò ju nǹkan bí lítà márùn-ún lọ. Mo ní, "Bàbá, ẹ ti tú gbogbo ara yín dà ní ìgbà márùn-ún, ó ṣẹ́ kù." Wọ́n ní, "O ò yọ èyí tí wọ́n dà nù nígbà tí iná lọ."

Níbi tí mo ti ń ṣírò yẹn ni mo ti rí orúkọ mi. Ìwé kẹrin ni, ọdún 2000, nígbà tí mo pé 18, tí wọ́n ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún mi torí Pólì. Bàbá ti kọ mí síbẹ̀ láàárín àwọn tó kù: "O Positive. Ilé wa, wíńdò àárín. Ó ń bẹ̀rù abẹ́rẹ́." Wọn ò kọ ohunkóhun sábẹ́ ọjọ́. Mo ṣí ìwé karùn-ún, bí wọ́n ṣe ń da orúkọ kọ láti inú ọ̀kan sí òmíràn, wọ́n dà mí kọ pẹ̀lú. Nínú ìkẹfà náà, mo wà níbẹ̀. Nínú ìkeje àti ìkẹjọ, bairo pupa wà lórí mi: "Ìbàdàn". Nínú ìkẹsàn-án, wọn kò kọ pupa kankan. Wíńdò àárín. Ọjọ́ ṣófo. Ọdún mẹ́tàlélógún, Bàbá ò sì fi ọjọ́ kan bi mí.

Ọdún tó kọjá ni mo tó lè gbé e bá wọn. Òru ni, ìyẹ̀fun ti wọ ààrò, Bàbá wà lórí àga wọn nítòsí ẹnu ọ̀nà. Mo ṣí ẹ̀yìn ìwé, mo fi ìka sí ojú ìlà náà. Mo ní, "Bàbá, kí ló dé tí ẹ ò pè mí rí?"

Wọ́n wo ìka mi. Wọ́n yọ awò ojú, wọ́n fi etí aṣọ nù ún, ìyẹ̀fun ara aṣọ tún kún un ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Wọ́n dá a padà sójú bẹ́ẹ̀.

"Ìyá Ìbejì," wọ́n pè mí, "ta ló wà nídìí ààrò?"

Kò sẹ́ni tó wà nídìí ààrò. Mo ju ìwé sílẹ̀, mo sáré. Páànù mẹ́rin ti jóná lápá òsì, àwọn ìyókù ṣeé tà.